Mokhtaria, Aránṣọ Tó Wọṣọ fún Sátẹ́láìtì Wa

Ìsọ̀ Mokhtaria kọjú sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí wa ní àdúgbò El Hamri, ní ìlú Oran. Èmi ni ládánì mọ́sálásí náà, èmi náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Àlùkùránì. Ọdún mọ́kànlélógójì la ti jọ wà bẹ́ẹ̀, ojú títì kan ló là wá láàárín. Ìyá tó bá fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ máa ń kọ́kọ́ wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó lè wọn ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni yóò ré títì kọjá wá bá wa fún àdúrà. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ tiwa. Wọn ò pọ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Mokhtaria nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ obìnrin Sípéènì kan lẹ́bàá òkun pé kó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ní ọdún òmìnira, nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn sọ́kọ̀ ojú omi, obìnrin náà fi agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Agolo fàdákà pẹlẹbẹ ni, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ìdérí rẹ̀ sì ní ihò kékeré kan nínú tí èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí. Àwòrán ẹni mímọ́ kan ni obìnrin Sípéènì yẹn máa ń fi síbẹ̀. Mokhtaria yọ ọ́, ó fi hóró hámẹ́lì rọ́pò rẹ̀, irúgbìn dúdú wẹ́wẹ́ tí ìyá gbogbo wa ń sọ sínú iná kí èéfín rẹ̀ lè lé ojú burúkú kúrò nílé.

Ohun tó ń fi ṣe nìyí. Tó bá kù díẹ̀ kó parí ìṣẹ́tí aṣọ ìyàwó, yóò ṣe bìsìmílà, yóò ki hóró méje bọ inú ìṣẹ́tí náà, yóò sì rán an pa. Gbogbo ìyá ìyàwó ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Mo bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi.

"Mokhtaria, Ọlọ́run nìkan ló ń dáàbò bo èèyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Si Kada. Òun náà ló dá hámẹ́lì."

Kí n tó rí èsì fọ̀, maṣíìnì rẹ̀ á ti máa pariwo.

Mokhtaria ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lọ́jọ́ tí Si Ghouti wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo wà níbẹ̀, mo gbé jàlábíà mi wá kó bá mi lẹ apá rẹ̀. Si Ghouti (Si ni à ń fi ṣáájú orúkọ ọkùnrin tí a bá bọ̀wọ̀ fún) jẹ́ ọmọ Tlemcen, ẹ́ńjíníà ni, ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ kan tí ìjọba kó jọ sí ẹ̀yìn ìlú, tí a gbọ́ pé wọ́n ń kan nǹkan kan tí yóò lọ sókè ọ̀run. Ó kí wa dáadáa.

"Khalti, ẹ̀yin lẹ rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó mi," ló wí. Bí a ti ń pe àbúrò ìyá ẹni ni gbogbo El Hamri ń pè é, Khalti.

"Ta nìyàwó rẹ?"

"Ọmọ Benaouda, àwọn tó ń ta ọsàn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí tó ń jẹ karantika títí di òwúrọ̀ ìgbéyàwó! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ yẹn. Ṣé ó tún ti sanra ni?"

"Kì í ṣe òun, Khalti. Ìyàwó mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ rán aṣọ fún."

Mokhtaria bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Jáde níbí."

Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó ní sátẹ́láìtì ni, àkọ́kọ́ tí ọwọ́ àwa fúnra wa máa kàn. Ó ní yóò máa yí ayé po, yóò máa ya àwòrán ilẹ̀ wa látòkè, kí a lè mọ ibi tí iyanrìn ń jẹ oko dé, ibi tí iná ti mú igbó, àti ibi tí eéṣú ń pamọ. Ó ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyàwó, nítorí ọjọ́ tó bá kúrò nílé, kò tún ní padà wá mọ́.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Kò ju fíríìjì kékeré lọ. Ojú kan ló ní."

"Ojú kan péré? Ta ló wá fẹ́ ẹ?"

"Gbogbo orílẹ̀-èdè, Khalti."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé awò rẹ̀ wọ̀. Wọ́n nílò aṣọ tí yóò bo Ìyàwó náà lọ́wọ́ oòrùn àti òtútù, ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ wúrà tí ọwọ́ nìkan lè rán, nítorí maṣíìnì ń fà á ya. Si Ghouti ti dán èèyàn mẹ́rin wò, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ó ṣí aṣọ ìgbéyàwó onílẹ̀kẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀ wò nílé lọ́jọ́ kan, ó ka ojú abẹ́rẹ́ tó wà lára ọrùn aṣọ náà, ẹnu yà á débi pé ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Báyìí ni Mokhtaria ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn ìlú láràárọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ àti ẹnu Fethia ni mo ti gbọ́ ọ. Fethia ni ọmọbìnrin tó fi gọ́ọ̀mù lẹ kámẹ́rà, ìyẹn ojú Ìyàwó, mọ́ sátẹ́láìtì náà lára. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ.

Nínú yàrá iṣẹ́ yẹn, èèyàn kì í kun òróró sórí, kì í fín lọ́fínńdà, kì í wọ òrùka, kí nǹkan kan má baà ba ojú Ìyàwó jẹ́. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú. "Bí ẹni tó fẹ́ lọ Mẹ́kà," ni Mokhtaria wí. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tuntun, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n rí, wọn ò sì mọ òun. Wọ́n bá jẹ́ kó mú agolo fàdákà rẹ̀ wọlé. Fethia fi sípíríìtì nu abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó nu ẹ̀yìn agolo náà. Kò sẹ́ni tó ronú kan inú ìdérí.

Lẹ́yìn aṣọ, ìdánwò ló kàn. Wọ́n máa kọ́kọ́ gbọn Ìyàwó bí rókẹ́ẹ̀tì ṣe máa gbọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sínú ìkòkò irin ńlá kan, wọ́n á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọ́n á sì máa mú un gbóná, kí wọ́n tún máa mú un tutù. Hámáàmù, bí ilé ìwẹ̀ gbígbóná tí à ń mú ìyàwó lọ ṣáájú ìgbéyàwó, ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń pe ìkòkò yìí.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí," ni Mokhtaria wí fún wọn, "ta ló ń wọṣọ fún ìyàwó kó tó lọ sí hámáàmù?"

"Ìyàwó òde òní ni, Khalti," ni Fethia dá a lóhùn. "Kì í gbọ́rọ̀ sí ìyá ọkọ lẹ́nu."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rán an. Ní ọjọ́ tó máa parí, gbogbo wọn dúró yí i ká, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnì kan tilẹ̀ gbé ẹnu sókè bí àwọn obìnrin wa ṣe ń ṣe níbi ìgbéyàwó, tí ariwo ayọ̀ fi gba yàrá náà kan. Mokhtaria ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó ṣe bìsìmílà, ó rán ìṣẹ́tí náà pa.

Ìgbà tó délé, tó fẹ́ to abẹ́rẹ́ rẹ̀, ló rí i pé inú ìdérí agolo ti ṣófo: ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe bó ti máa ń ṣe.

Ó ré títì wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Mo ń ká ẹní àwọn ọmọ.

"Si Kada, tí èèyàn bá fi nǹkan sínú aṣọ ẹni tí ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo rò pé àwọn ìyàwó àdúgbò ló ń wí. Inú mi dùn pé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì, ó fẹ́ gbọ́rọ̀. Mo jókòó, mo wàásù. Mo sọ̀rọ̀ tírà, mo sọ̀rọ̀ oògùn, mo sọ̀rọ̀ gbígbára lé Ọlọ́run nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara mi. Ó jẹ́ kí n parí.

"Ti Badra wá ńkọ́?" ló wí.

Badra lọmọ mi. Mokhtaria ló rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, èmi ni mo ṣe àdúrà. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ dojú dé lójú ọ̀nà Mostaganem, tó sì pa ọkọ rẹ̀.

"Hámẹ́lì mi wà lára ẹ̀, Si Kada. Àdúrà yín náà wà lórí ẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni ò ṣiṣẹ́?"

Mo ní Ọlọ́run mọ ohun tí a ò mọ̀. Òótọ́ ni, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wí i, ó dà bíi pé ìwé ẹlòmíràn ni mo ń kà. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó lọ. Ohun tó gbé e wá, kò sọ ọ́. Èmi náà kò bi í, nítorí mo fẹ́ kó tètè lọ.

Ó wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní hóró méje wẹ́wẹ́ péré, kí ni wọ́n lè ṣe fún nǹkan tó ń lọ ọ̀run? Ó pa á mọ́nú fún ọjọ́ mẹ́rin, títí wọ́n fi gbọn Ìyàwó tán, tí wọ́n sì gbé e wọ hámáàmù.

Ìgbà yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ọkọ̀ òfuurufú wá gbé e lọ sí ìlú àwọn tó ni rókẹ́ẹ̀tì. Àyè kékeré kan ni wọ́n fún wa lára ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Tí a bá pàdánù rẹ̀, ó di ọdún méjì.

Dígí kékeré mímọ́ kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Ìyàwó nínú hámáàmù. Bí nǹkan kan lára rẹ̀ bá ń làágùn nínú ooru, ara dígí yẹn ni yóò kọ́kọ́ hàn. Tí dígí bá fi mọ́, ojú náà mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìkòkò náà ní ọjọ́ kẹta, Si Ghouti mú dígí náà síwájú iná. Ó ti ṣe bàìbàì, bí ìgbà tí èèyàn mí sí i.

"Fethia, gọ́ọ̀mù rẹ nìyí."

"Gọ́ọ̀mù mi kọ́, Ọ̀gá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbẹ ẹ́."

"Kí ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yẹn tó lè làágùn?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ki orí bọ ẹnu ìkòkò náà, ó fa imú. "Ó ń rùn bíi yàrá ìyá mi lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó," ló wí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Si Ghouti kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí Fethia pé kó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ wá, kó sì jókòó sílé títí wọn yóò fi mọ ohun tó fi sínú gọ́ọ̀mù náà.

Fethia, ẹlẹ́nu mímú, bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́kọ́rọ́ lára okùn ọrùn rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni Mokhtaria dúró sí pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ó kàn wá dágbére ni. Bó bá lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan.

"Má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn," ló wí.

"Khalti, ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Mo ní má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni mo fi nǹkan sí i."

Ó wọ aṣọ funfun, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré, ó sì tú ìṣẹ́tí náà lójú gbogbo wọn sórí àwo funfun kan. Hóró dúdú ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ooru ti la àwọn mìíràn, òróró wọn ti dán síta. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yàrá ìyá rẹ̀ bo ẹnu mọ́lẹ̀.

"Mẹ́fà," ni Fethia wí.

"Méje ni," ni Mokhtaria dáhùn. "N kì í fi mẹ́fà sí i."

Wọ́n tú ìṣẹ́tí náà yípo. Kò sí. Gbígbọ̀n tí wọ́n gbọn Ìyàwó ti mú ọ̀kan rìn wọ àárín ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó dé. Wọ́n gbé iná wá, wọ́n gbé dígí wá. Wọ́n wá a láti àárọ̀ títí ìrun Ayilá fi kọjá. Àwọn kan ní kí wọ́n bọ́ aṣọ náà kúrò pátápátá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti ya, òmíràn yóò sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù.

"Ẹ jẹ́ kí n wá a," ni Mokhtaria wí.

"Ẹ ti ṣe tiyín, Khalti." Ohùn Si Ghouti tutù.

"Ọ̀gá," ni Fethia wí, "ta ló mọ aṣọ yẹn jù ú lọ nínú wa? Ẹ jẹ́ kó wá a. Tí mo bá lè dárí jì í, ẹ̀yin náà lè ṣe é."

Mokhtaria ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà wá pínnì tí wọ́n bá gbàgbé sínú aṣọ ìyàwó, kó má baà gún ọmọ ọlọ́mọ lórí àga. Kì í fi ojú wá a. Yóò di ojú, yóò yí ọwọ́ padà, yóò sì fi ẹ̀yìn ìka ra aṣọ náà láti ọrùn wá sí ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ìbọ̀wọ́ tó fẹ́lẹ́ jù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Fethia sọ fún mi pé ètè Mokhtaria ń mì lábẹ́ ìbòmú. Ó pé wákàtí kan. Ó ra iwájú tán, ó ra ẹ̀gbẹ́, ó tún padà síwájú.

"Mú ẹ̀mú rẹ wá, Fethia. Tóóró yẹn. Ìpele kẹrin, níbí."

Ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré ló kù kí hóró náà dé ojú Ìyàwó. Ihò tí wọ́n là láti fi yọ ọ́ kò ju orí abẹ́rẹ́ ńlá lọ.

Si Ghouti jókòó sórí àpótí kan.

"Kí ló dé, Khalti? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n tó báyìí."

"Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ìyàwó ni. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìyàwó jáde nílé láìní nǹkan lára. Ìyẹn, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ọjọ́ méje tí mo fi dákẹ́, èmi ni mo ṣe ìyẹn. Òun ni kí o bá mi wí fún."

Ó bá a wí. Mokhtaria kò sọ ohun tó wí fún mi, mi ò sì béèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ yí sí aṣọ tó ya ẹnu sílẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú tó lè rán an pa.

"Ẹni tó tú u ni yóò rán an," ni Si Ghouti wí. "Fethia, ṣí agolo yẹn. Ìdérí náà."

Fethia fi sípíríìtì nu inú ìdérí lẹ́ẹ̀mẹta. "Khalti," ló wí, "tí ẹ bá tún ní ihò mìíràn lára, ẹ tètè jẹ́wọ́ ẹ̀."

"Ihò eyín mi nìkan ló kù."

Wọ́n fọ ojú Ìyàwó bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n fọ̀, Mokhtaria rán ìṣẹ́tí náà pa, wọ́n sì dá Ìyàwó padà sí hámáàmù. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, lójú títì, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú búrẹ́dì lápá. Ojú tì mí. Ó ti gbé e wá fún mi lọ́jọ́ kìíní, mo sì fi ìwàásù dá a padà.

"Ẹ bá mi gbàdúrà, Si Kada."

"O mọ̀ pé mi ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó mọ̀. Láti ìgbà ikú ọkọ Badra, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wò mí. "Èmi náà ò mọ bí sátẹ́láìtì ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo rán aṣọ ẹ̀."

Mo gbàdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìrun mi kò dùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo kí i lásìkò. Ní ọjọ́ kẹrin, Fethia tẹ fóònù sí ìsọ̀ náà, igbe ayọ̀ Mokhtaria sì ni mo gbọ́ láti òdìkejì títì. Dígí náà jáde, ó mọ́ bí omi.

Ọkọ̀ òfuurufú gbé Ìyàwó lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ní oṣù kejì, a wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nílé kọfí bó ṣe gòkè nínú iná rókẹ́ẹ̀tì, Mokhtaria nìkan lobìnrin tó jókòó láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé kó má jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Si Ghouti tún wọ ìsọ̀ náà. Ó gbé àwòrán ńlá kan lọ́wọ́, ìlú wa látòkè ọ̀run: òkun bí aró, adágún oníyọ̀ funfun gbòò lẹ́yìn ìlú, òkè Santa Cruz bí ìkúùkù kékeré.

Mokhtaria gbé awò rẹ̀ wọ̀. Kò wo òkun, kò wo òkè. Etí àwòrán náà ló kọ́kọ́ fi ìka tọ̀ yí po.

"Etí ẹ̀ gún," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá wo àárín. "Ojú ẹ̀ sì mọ́."

"Ó mọ́, Khalti. Ní ọdún tó ń bọ̀ a máa ṣe èkejì. Mo wá sọ fún yín kí ẹ má gba iṣẹ́ púpọ̀."

"Ìwọ náà má tún pè é ní ìyàwó níwájú mi."

Mo bi í léèrè bóyá òun ṣì ń fi hámẹ́lì sí aṣọ àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ní àwọn ìyàwó tòun kì í lọ síbi tí ò ní afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi, mo sì gbé e mì. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní kí Si Ghouti fi El Hamri hàn wá.

Ó fi orí bírò kan àmì eérú kékeré kan. "Ibí ni. Ojú Ìyàwó ò lè rí ilé kọ̀ọ̀kan, ó kéré jù. Ìsọ̀ Khalti àti mọ́sálásí yín, àmì kan náà ni wọ́n."

Mokhtaria tẹjú mọ́ àmì náà títí. Lẹ́yìn náà ló fi ìgúnpá tì mí.

"Si Kada, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ti dí ìsọ̀ mi."